Ariwo 'gbàù' nígbà tí onígìtá bá ń yọ wáyà: Ohun tó ń fà á, àti bí a ṣe lè dá a dúró

Bí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tàbí tí ẹ máa ń jókòó níbi ìnáwó tí wọ́n pe olórin sí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ rí. Orin ti parí, àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ìjọ di ojú fún àdúrà ni, onígìtá sì ń rọra palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Lójijì, sípíkà ńlá méjì tó wà níwájú á pariwo 'gbàù!' bí ẹni yin ìbọn ṣakabùlà. Ìkókó á bú sẹ́kún, ìyá àgbà á gbá àyà mú, àwọn tó ti di ojú á sì là á láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ ju pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta gìtá yọ wáyà kúrò lára gìtá rẹ̀ lọ.

Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ nípa ariwo yìí. Àwọn kan á ní gìtá náà ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn á ní jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe ségesège. Àwọn àgbà ìjọ míì á tilẹ̀ bínú sí ọmọ náà pé kò ní ìtẹríba. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé gìtá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde lónìí, tí wọ́n kì í sì í ṣe ayédèrú, yóò pariwo bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́. Àìmọ̀ ló ń fà á, owó tí ó sì máa ná ìjọ tàbí ẹgbẹ́ olórin láti dá a dúró kò tó nǹkan. Nígbà míì, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.

Bí gìtá oníná ṣe ń gbé ohùn jáde

Gìtá onípákó tí àwọn àgbà ń ta láyé àtijọ́ kò nílò iná. Ikùn rẹ̀ tó ṣófo ló ń gbé ohùn jáde, gẹ́gẹ́ bí ikùn ìlù ṣe ń ṣe. Ti gìtá oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Irin òòfà ló wà lábẹ́ okùn rẹ̀, wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí ni wọ́n sì fi wé e ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn tí wọ́n fi irin ṣe bá ti ń gbọ̀n lókè òòfà yìí, iná kékeré kan á máa rìn nínú wáyà náà. Ọ̀gbẹ́ni George Beauchamp, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n yìí dá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930.

Nílẹ̀ Yorùbá, orin jùjú ló gba gìtá oníná tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn tó dàgbà nígbà tí I.K. Dairo, tó gba oyè MBE ní ọdún 1963, wà lójú ọpọ́n kò ní gbàgbé. Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964, Sunny Ade náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967. Nígbà tó fi máa di ọdún 1982 tí àwo Sunny Ade tó ń jẹ́ 'Juju Music' jáde sí gbogbo ayé, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè kó onígìtá tó pọ̀ sórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òde àríyá ló sì ti wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan ti abúlé.

Iná tó ń ti ara gìtá jáde kéré gan-an. Kì í sábà tó ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í bọ inú ẹ̀rọ tí àwọn olórin ń pè ní áńpù, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ohun kékeré di ńlá. Áńpù yìí kò mọ orin yàtọ̀ sí ariwo. Ohunkóhun tó bá ti ẹnu ihò rẹ̀ wọlé, ńlá ni yóò sọ ọ́ dà. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ariwo náà ti ń wá

Bí ẹ bá wo jáàkì tó wà lẹ́nu wáyà gìtá dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀nà méjì ló pín sí. Orí rẹ̀ tó rí ṣóńṣó ló ń gbé ohùn. Ara rẹ̀ tó gùn ló so mọ́ wáyà ilẹ̀, tó ń dáàbò bo ohùn náà. Òrùka dúdú kékeré kan ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Mìlímítà 6.35 ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́rin ínṣì kan.

Àwọn tó ti dàgbà lè ti rí irú jáàkì yìí níbòmíràn tipẹ́tipẹ́. Kì í ṣe gìtá ni wọ́n ṣe é fún níbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ẹni tó bá jókòó sídìí pátákó tẹlifóònù, bí irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ P&T ń lò, ló máa ń fà á yọ níhìn-ín tí á kì í bọ ọ̀hún, kí ẹni méjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, bó bá dún 'kẹ́' péré létí ẹni tó ń pe tẹlifóònù, kò sí ẹni tó máa ka sí. Kò sí sípíkà ńlá nídìí rẹ̀. Nígbà tí àwọn olórin wá yá a lò ni àléébù rẹ̀ hàn síta.

Bí onígìtá bá fa jáàkì yìí yọ nígbà tí áńpù ṣì ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ á já kúrò níbi tó ti ń gba ohùn, á sì fara gbún ẹnu ihò tí wọ́n fi irin ṣe bó ṣe ń jáde. Iná tó wà níbẹ̀ á fò lójijì láti ibì kan sí ibòmíràn. Fífò yẹn gan-an ni áńpù á gbé, tí á sọ di 'gbàù' nínú sípíkà. Bí gìtá náà bá jẹ́ irú èyí tí bátìrì wà nínú rẹ̀, tàbí bó bá gba inú pẹ́dà tó ń pa ohùn dà kọjá, ìyókù iná tó fara pamọ́ sínú àwọn ẹ̀rọ yẹn lè mú kí ariwo náà le sí i.

Kò tán síbẹ̀ o. Lẹ́yìn tí jáàkì bá ti jáde, tí orí rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan mọ́, á dà bí eríà rédíò. Á máa gba iná tó ń fò káàkiri inú ilé. Bí ọwọ́ èèyàn bá wá kan orí jáàkì náà, ara ẹni yẹn fúnra rẹ̀ á di eríà ńlá. Òun ló ń fa ohùn 'wùùùù' tó máa ń bú jáde lẹ́yìn 'gbàù' náà.

Bọ́tìnnì ara gìtá nìkan kò tó

Àṣìṣe kan wà tí àwọn onígìtá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń ṣe. Wọ́n á yí bọ́tìnnì ohùn tó wà lára gìtá sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á sì fa wáyà yọ, wọ́n á rò pé àwọn ti ṣe ohun tó yẹ. Ẹnu á wá yà wọ́n pé ariwo náà ṣì jáde.

Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì ara gìtá kò lè pa ohun tí kò bá gba ara gìtá kọjá lẹ́nu mọ́. Ohùn okùn ló ń pa. Nígbà tí wáyà bá ti kúrò lára gìtá, bọ́tìnnì yẹn kò ní àṣẹ kankan lórí wáyà náà mọ́. Áńpù ló di ìkejì rẹ̀ mú, áńpù sì ṣì la etí sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ áńpù, tàbí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ míkísà tí wọ́n fi ń da ohùn pọ̀, ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ dín ohùn kù.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ kí onígìtá máa tẹ̀ lé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Bí ọ̀rọ̀ wáyà gìtá ṣe rí gan-an nìyẹn. Nígbà tí orin bá parí, ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìwọ̀nyí:

Àkọ́kọ́, kí onígìtá yí bọ́tìnnì ohùn áńpù rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi dé orí òdo. Bó bá jẹ́ inú míkísà ni gìtá rẹ̀ ń lọ tààrà, kí ó ṣẹ́jú sí ẹni tó ń bójú tó o, kí ẹni náà tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 'mute' sí lójú ọ̀nà gìtá náà, tàbí kí ó fa ohùn ọ̀nà yẹn wálẹ̀.

Èkejì, kí ó yọ wáyà náà ní ẹnu áńpù kí ó tó yọ ti ara gìtá. Nínú ọ̀pọ̀ áńpù, irin kékeré kan wà nínú ihò tó ń so ẹnu ọ̀nà mọ́ wáyà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kété tí jáàkì bá ti jáde. Áńpù á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ara gìtá ló kọ́kọ́ yọ, wáyà gígùn kan á wà nílẹ̀ tó ń gba ariwo kiri.

Ẹ̀kẹta, ara jáàkì ni kí ó dì mú, kì í ṣe wáyà. Fífa wáyà láti ẹ̀yìn máa ń já ibi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó pọ̀ nínú jáàkì.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin, kí wọ́n dojú ètò náà dé. Kí wọ́n ki wáyà bọ gìtá ná, kí wọ́n wá ki ìkejì rẹ̀ bọ áńpù tí ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n tó wá rọra gbé ohùn sókè. Ètò yìí kan náà ni fún gìtá ohùn ìsàlẹ̀ àti dùùrù oníná. Ní ti máìkì tó ń gba iná 48V láti inú míkísà, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n pa iná 48V yẹn, kí wọ́n sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Títan àti pípa gbogbo ẹ̀rọ náà ní ètò tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà ńlá lágbára ni kí wọ́n tàn kẹ́yìn, òun náà sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa. Bí wọ́n bá pa míkísà nígbà tí ẹ̀rọ ńlá yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, 'gbàù' tó máa jáde lè ju ti gìtá lọ. Ìdí nìyẹn tí sípíkà fi ń pariwo nígbà míì bí iná bá ṣẹ́ lójijì láàárín ìsìn. Nítorí náà, kí wọ́n yí ohùn sílẹ̀, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ ńlá yẹn kí wọ́n tó yí iná padà sórí jẹnẹrétọ̀.

Bí orin bá ṣì ń lọ lọ́wọ́ ńkọ́?

Ìgbà míì wà tí okùn gìtá á já láàárín orin, tí onígìtá á sì fẹ́ mú gìtá mìíràn. Kò lè máa sáré lọ sídìí áńpù. Pẹ́dà tí wọ́n fi ń tún ohùn okùn ṣe ló dára jù fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn pẹ́dà yìí, bíi TU-3 tí ilé iṣẹ́ Boss ní Japan ń ṣe, ló máa ń pa ohùn mọ́ pátápátá bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́. Onígìtá á tẹ̀ ẹ́, á pààrọ̀ gìtá, á tún un tẹ̀. Ìjọ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Pẹ́dà kan náà ló tún máa jẹ́ kó lè tún okùn rẹ̀ ṣe láì da àwùjọ láàmú.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ilé iṣẹ́ Neutrik ní orílẹ̀-èdè Liechtenstein, nílẹ̀ Yúróòpù, ń ṣe irú jáàkì kan tó ń pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń so orí jáàkì mọ́ ara rẹ̀ ní kété tó bá ti ń jáde kúrò nínú ihò gìtá, tí ohùn á sì kú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jó wáyà rédíò lè fi í sẹ́nu wáyà tó wà nílẹ̀. Ẹnu tó ń wọ gìtá ló yẹ kó wà, kì í ṣe ẹnu tó ń wọ áńpù.

Ẹ má ṣe fi wáyà gìtá pe wáyà sípíkà o

Jáàkì kan náà yìí ni wọ́n fi ń so áńpù míì mọ́ sípíkà. Èèyàn lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Iná kékeré ló ń gba inú wáyà gìtá kọjá, iná tó lágbára ló ń gba inú wáyà sípíkà. Bí wọ́n bá fa wáyà sípíkà yọ nígbà tí áńpù ń ṣiṣẹ́, jáàkì náà lè so iná tó ń jáde mọ́ wáyà ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí áńpù sì jó. Áńpù onígílóòbù àtijọ́ sì lè bàjẹ́ bó bá ń ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n pa áńpù pátápátá kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà sípíkà. Jáàkì tó ń pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láéláé.

Ohun tó wà nínú ewu

Ẹlòmíì lè bi í pé, kí ló wá burú nínú ariwo ìṣẹ́jú àáyá kan? Ohun tó burú níbẹ̀ ju ìpayà lọ. Nínú sípíkà, wáyà kékeré kan ló wà tó ń ti awọ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí 'gbàù' bá dé, awọ yẹn á fò síwájú lójijì ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó ń dún fínrínfínrín, tí wọ́n ń pè ní twítà, ló sì tètè máa ń jó jù, nítorí pé wáyà inú rẹ̀ kò nípọn. Ó lè má bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣe é lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, sípíkà tí gbogbo ìjọ dáwó rà, tí àwọn ìyá fi owó gààrí àti owó epo pupa dá sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni ọ̀fun ń dùn.

Etí náà ń bẹ níbẹ̀. Ohùn tó bá ga púpọ̀ lójijì lè pa etí lára, pàápàá etí ẹni tó jókòó ti sípíkà. Àwọn ọmọdé tó ń kọrin níwájú àti àwọn àgbà tí wọ́n fún ní ìjókòó iwájú nítorí ọ̀wọ̀ ló sì sábà máa ń sún mọ́ ọn jù.

Ariwo tí kì í ṣe ti yíyọ wáyà

Kí a má baà fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀. Bí gìtá bá ń dún 'kíràkírà' nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan jáàkì, wáyà ti já nínú, tàbí ìdọ̀tí ti wà nínú ihò. Kí wọ́n rọra tẹ wáyà náà nítòsí jáàkì. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ibẹ̀ ló ti já. Bí nọ́ọ̀tì ihò ara gìtá bá sì tú, kí wọ́n di inú ihò náà mú kí wọ́n tó yí nọ́ọ̀tì, kí wáyà inú rẹ̀ má baà lọ́ pọ̀ kó sì já.

Ariwo kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú kékeré wò. Bí ẹnu tàbí ọwọ́ olórin bá ń ta jìnnìjìnnì nígbà tó di gìtá mú tó sì fara kan máìkì, iná ti ń jò nìyẹn. Ní ọdún 1972, iná gbé Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, lórí ìtàgé ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, nígbà tó fọwọ́ kan máìkì tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó kú. Bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá yọjú, kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná láti yẹ wáyà ilẹ̀ ilé náà àti ti jẹnẹrétọ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára pílọ́ọ̀gì áńpù nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì ló wà nílé.

Ọwọ́ àwọn àgbà ló kù sí

Ọ̀dọ́ ló sábà máa ń ta gìtá nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ọ̀gá kankan kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń wo ẹlòmíì ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ta. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé yíyọ wáyà ní ètò. Bí ìgbìmọ̀ ìjọ bá bá wọn wí ní gbangba, ó lè jẹ́ gìtá ni wọ́n máa sá fún. Ṣùgbọ́n bí alàgbà kan bá pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, tó ní, "Ọmọ mi, máa yí ohùn áńpù sílẹ̀ kí o tó yọ wáyà, kí o sì máa yọ ti áńpù ṣáájú," ó ti tán.

Kí ìjọ sì fi àmì kan sáàárín onígìtá àti ẹni tó jókòó ti míkísà. Gbígbé ọwọ́ sókè lásán ti tó. Bí ọwọ́ bá ròkè, ẹlẹ́rọ á pa ohùn ọ̀nà gìtá, á sì mi orí pé òun ti pa á. Ìgbà tó bá mi orí ni wáyà tó ṣeé yọ.